Àsèjẹ Yánníbo

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjà sílẹ̀, tí ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté torí kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́ àti ìwà òmùgọ̀ ọmọ aráyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó jọ ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó kiri láti ilé dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mo rí i pé inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ẹni tó ń jalè mọ̀ pé olè lòun ń jà, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ohun tí kò dáa lórúkọ ìfẹ́, oorun àsùnwọra ló ń sùn.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Ẹ jẹ́ kí n tún un pa, torí ibi tó ń pa wá lẹ́rìn-ín nígbà èwe kọ́ ni ibi tó ń dùn mí báyìí. Yánníbo ò rọ́mọ bí. Ìjàpá gbéra, ó tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àsèjẹ, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ti Yánníbo ni o. O ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò." Ìjàpá gbé e, ó forí lé ọ̀nà ilé. Ẹ wò ó dáadáa: títí dé ibí yìí, Ìjàpá ò tíì ṣe ohun tó burú. Torí aya rẹ̀ ló ṣe rin ọ̀nà jíjìn. Ọkọ rere ni. Àfi bí ọbẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán. Ó ṣí i wò, ó tọ́ ọ lá, ó tún tọ́ ọ lá, ó lá a tán. Kó tó délé, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú bí ikùn aboyún. Ó sá padà sọ́dọ̀ babaláwo, ó ń forin bẹ̀bẹ̀, àwa ọmọdé á sì máa gbè é pé "alugbinrin". Ṣé ẹ rántí ohun tó sọ nínú orin náà? Kò ní òun jẹ ẹ́. Ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọbẹ̀ dà sí òun lọ́wọ́, òun kàn fọwọ́ kan ẹnu ni.

Gbòǹgbò yẹn ni mo bá wá síbí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé púpọ̀ nínú ìwà òmùgọ̀ wa kì í ṣe àìgbọ́n. Oúnjẹ tí a sè lórúkọ ẹlòmíràn ni, tí òórùn rẹ̀ dùn, tí a sì jẹ fúnra wa. Ìgbà tí ikùn bá wú, a ó wá gbòǹgbò kan dì mọ́ lójú ọ̀nà.

Mo máa fi ti ara mi ṣáájú. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìyá mi jáde láyé. Olúwo yìí ni wọ́n ti ta ẹja títí ara fi kọ̀ ọ́: àrọ̀, èpìyà, òbòkún, àti akàn lásìkò akàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wọn fínra, ìgbà tó sì pẹ́, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ márùn-ún la jẹ́. Owó oògùn tí wọ́n ń lò lóṣù kò tó ohun tó yẹ kó ni ọmọ márùn-ún lára. Síbẹ̀ oṣù kan á wọlé, kò ní sí owó náà. Èmi á rò pé ẹ̀gbọ́n mi ti fi ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á rò pé àbúrò wa ti fi ránṣẹ́. Ìyá wa á wá máa gé hóró oògùn kan sí méjì, kó lè pẹ́ kó tó tán. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ epo lò. Mo ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá." Ó tán. Kò sí ohun mìíràn tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n kú náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun márùn-ún wé wọn, wọ́n kírun sí wọn lára, ó parí. Kò sí pósí olówó ńlá, kò sí ọ̀ṣọ́. Ẹ̀sìn ti sọ ọ́ di ìrọ̀rùn fún wa. Àwa ọmọ la sọ ọ́ di ẹrù. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí WhatsApp nítorí fídáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n mú léèsì, wọ́n mú gèlè tó bá a mu, wọ́n pe alásè, wọ́n pe olórin. Ọmọ márùn-ún tí kò rí owó oògùn dá rí owó màlúù méjì dá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí yá owó, owó èlé sì ni. Lọ́jọ́ náà, bí olórin ṣe ń kì mí tí ó ń fi orúkọ Màmá kì mí, orí mi wú, mo sì rò pé ìfẹ́ Màmá ló ń wú mi lórí. Ìgbà tí mo rí fọ́tò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà gún mi. Aṣọ funfun ni Màmá wọ lọ. Àwa la wọ léèsì.

Kí ni gbòǹgbò wa? A ní àṣà ni. A ní kí aráyé má bàa bú wa. A ní ẹ̀yẹ ìkẹyìn ni. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé òkú lòwe yẹn ń bá wí. Ó ti yé mi báyìí pé àwa tó ń gbẹ́ ère ló ń bá wí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N ò dìde sí aṣọ ẹbí. Mo mọ ìyá tó fi owó aṣọ ẹbí tó ń tà rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, mo mọ àwọn aránṣọ tí ìdílé wọn ń ti ara rẹ̀ jẹun. Mo sì mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn wọ inú gbọ̀ngàn kan, kó rí ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú aṣọ kan náà, kó mọ̀ pé òun ní ẹbí. Ohun tó dùn ni. Ohun tí mò ń bèèrè ni: ẹbí tó wọ aṣọ kan náà yìí, níbo ló wà ní oṣù tí oògùn tán?

Owó tí à ń fọ́n lórí olóde náà ń kọ́? Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lé e lórí lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó rí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ìjọba ń jà fún ìwé owó, ìyẹn dára. Èmi ń jà fún ẹni tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Mo ti rí ọkùnrin tó lẹ owó mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí títí owó fi ń já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn kan náà ti tọ̀ ọ́ lọ lóṣù tó ṣáájú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní owó ilé ìwé ọmọ, ọkùnrin náà ní kò sí owó lọ́wọ́ òun. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó fọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá. Ohun tó yàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ń wò.

Ìlú tí a jókòó sí yìí pàápàá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ̀yin ará Èkó Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ìtàn ní ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ti fẹ́ sọ́nà fún Elétù Òdìbò, olóyè tó lẹ́nu púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jọba l'Ékòó. Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba, ló wá fẹ́ ẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, inú Elétù Òdìbò ò yọ́ sí Kòsọ́kọ́ mọ́. Oyè ṣí sílẹ̀, Kòsọ́kọ́ ò jẹ ẹ́. Ní 1841, Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, ló gorí ìtẹ́. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ fi ogun lé Akítóyè kúrò, Elétù Òdìbò sì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Akítóyè sá títí ó fi dé Àgbádárìgì, ó bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ilé jóná, Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹ̀pẹ́ ló wà nígbà tí òun àti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án 1854. Ó di 1862 kó tó padà sí Èkó, ó sì kú ní 1872. Àwọn tó bá a wá, púpọ̀ wọn ò padà mọ́. Ọmọ wọn ló kún inú gbọ̀ngàn yìí, tí ẹ ń ṣe ọdún Káyókáyó lọ́dọọdún, tí inú gbogbo ìlú sì ń dùn sí i.

Èmi ò ní obìnrin kan ló tú Èkó. Ọ̀rọ̀ oyè wà níbẹ̀, òwò ẹrú wà níbẹ̀, òwò epo pupa wà níbẹ̀. Òyìnbó náà ní gbòǹgbò tirẹ̀: ó ní òwò ẹrú lòún wá fòpin sí, ọdún mẹ́wàá ò sì tíì pé tó fi gba Èkó pátápátá ní 1861. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò kéré ju ìyẹn lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn àgbà. Mo mọ orúkọ ọmọ ọba, mo mọ orúkọ olóyè. N ò gbọ́ orúkọ ọmọbìnrin náà rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin méjì ló ní àwọn fẹ́ ẹ, ogun jà, ilé jó, ìlú ṣí kiri, kò sì sí ẹnìkan tó rántí bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, ta lo fẹ́?" Mo máa ń rò ó tí mo bá dúró létí ọ̀sà.

Irú rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Ọkọ á kọ oríkì gígùn fún ìyàwó lórí Facebook lọ́jọ́ ìbí, ọgọ́rùn-ún èèyàn á kí wọn kú oríire, ìyàwó á sì wà nídìí ààrò, tí ọkọ ò tíì yíjú sí i láti àárọ̀. Bàbá á ní torí ìfẹ́ ọmọ lòun ṣe ní kó ka ìmọ̀ ìṣègùn, ọmọ tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tú tó ń tò láti kékeré. Olóṣèlú á pín ìrẹsì fún aláìní, á lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ àpò. Ẹ mọ èyí tó kù.

Ti owó ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ó ti mú èèyàn púpọ̀ nílùú yìí. Ní oṣù kọkànlá 2015 ni MMM wọ Nàìjíríà. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló ni ín, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ti wó mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ lórí láti 1994. Wọn ò pè é ní òwò. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é: ìwọ ran ẹni tí o ò mọ̀ rí lọ́wọ́ lónìí, ẹni tí o ò mọ̀ rí á ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́la, pẹ̀lú èlé 30% lóṣù. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ta sánsán! Ìfẹ́ ọmọnìkejì tó ń bí owó. Kò sí oko kankan níbẹ̀, kò sí ẹja, kò sí ọjà. Owó ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n ń kó fún ẹni tó dé ṣáájú. Ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí ọdún Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX, ètò owó mìíràn tó ní owó á di méjì láàárín oṣù kan, wó pẹ̀lú. Àwọn tó jó nínú ti àkọ́kọ́ wà nínú èyí.

Ẹ má bú wọn ní púrúǹtù. Isaac Newton, tó ṣàlàyé fún gbogbo ayé ìdí tí ohun tó wà lókè fi ń já wálẹ̀, ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ South Sea ní Lọ́ńdọ̀n ní 1720. Ó kọ́kọ́ jèrè, ó tà á, ó bọ́ síta. Ó wá rí i pé owó àwọn tó kù ń ga sí i, ó padà wọlé, owó ńlá bá a já wálẹ̀. Ìwé kì í gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀kánjúwà.

Ẹ fi wé àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá ní Olúwo. Ẹni mẹ́wàá, kálukú dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnìkan kó ₦50,000. Kò sí èlé. Ohun tó o dá náà lo máa kó. Ìyá mi kó àjọ tiwọn ní ọ̀sẹ̀ kan rí, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, wọ́n ní kí obìnrin náà jẹ́ kí àwọn kó ti rẹ̀ bó bá kàn án. Wọn ò sọ ọ́ nílé. Obìnrin náà ló wá sọ fún wa níbi fídáù, nígbà tí olórin ń kọrin lọ́wọ́, tí a ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti fi tiyín pamọ́ sẹ́yìn, torí òun ló nira jù lọ láti sọ. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ló ní irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AS. Ara rẹ̀ le, kò mọ nǹkan kan lára. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tó bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà máa jẹ́ SS, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ládìde. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ nínú iṣan, egungun á máa ro ó títí táá fi máa ké. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oyún kì í ka iye àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Gbogbo mẹ́rin lè bọ́ sí i, gbogbo mẹ́rin sì lè yọ.

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá bá mi lọ́dún kan nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ìgbà náà ni wọ́n tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, AS ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ àwọn òbí, wọ́n ní ìfẹ́ àwọn ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Mo bi wọ́n pé ta ni ó máa jẹ ìrora náà. Wọn ò dáhùn. Mo ní ẹ̀yin méjèèjì ló ń jẹ ìfẹ́ yìí, ẹnìkan tí ẹ ò tíì sọ lórúkọ ni ikùn rẹ̀ máa wú. Obìnrin náà sunkún títí. Wọ́n pínyà. Kálukú wọn ti ní ìdílé tirẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wọn sì ń sáré kiri. Ọkùnrin náà kì í kí mi lọ́nà títí di òní. N ò dá a lẹ́bi. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà tí ẹ ṣì lè fi ẹ̀rín túká, kí ọ̀rọ̀ tó di ti káàdì.

Ẹ ti bi mí léèrè, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, pé ìfẹ́ wo ló wá kù. Ohun kan wà tí n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Apẹja ni bàbá mi, ó sì ṣáájú ìyá mi lọ. Lẹ́yìn tó lọ, Màmá ò jẹ èpìyà mọ́. Àwa rò pé ọjọ́ ogbó ló sọ ọ́ di èèwọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Bàbá ṣì wà, lásìkò tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èpìyà ni wọ́n máa ń fẹ́ jẹ lálẹ́, ẹja tí eegun rẹ̀ pọ̀ tó sì wẹ́. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á ní, "Èpìyà ìsinsìnyí mà ti lọ́ra láti ní eegun o." Bàbá á ní, "Omi ló yí padà."

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Mo wọlé láti wá mú ìṣáná, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Bàbá mi gbé àwo Màmá lé orí ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ẹja náà wò díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń ṣa eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, Màmá sì ń sọ ìtàn ọjà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá gbójú sókè wò mí. Ó ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ń pa òun lójú.